Kíndìnrín Babáṣọlá

Oṣù kẹta rèé tí Fẹ́yìsetán ti ń wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò fún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì bá kòrónà lára rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ kó o ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgọ́ Palace ti gbàgbé pé àwọn ṣàìsàn rí. Òun nìkan ni àrùn náà kọ̀ tí kò fi sílẹ̀.

Ohun tó fà á kò fara sin. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, Babáṣọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló sì yọ̀ǹda ọ̀kan nínú tirẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ gbógun ti kíndìnrín àlejò. Ṣùgbọ́n ara tí wọ́n ti gba idà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi bá kòrónà jà?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, dókítà pè é lórí fóònù pé kí ó dín ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà kù.

"Ara yín á lè jà," ló wí. "Ẹ máa wá ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká lè máa ṣọ́ kíndìnrín náà. Mi ò lè búra pé kò ní bàjẹ́ o."

Fẹ́yìsetán kò lè fi irú èyí pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pè é. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Babáṣọlá ti dé láti ilé rẹ̀ ní Èjìgbò. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí, ó fi aṣọ bomú, níbi tí gbogbo àwọn tó ń pọn omi ti lè gbọ́ ọ.

"O fẹ́ dín oògùn kù?"

"Dókítà ló ní bẹ́ẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ṣé dókítà ni wọ́n la ikùn rẹ̀?" Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó fi àpá iṣẹ́ abẹ hàn án. "Èmi tí mi ò lè gbé sìmẹ́ǹtì mọ́, ṣé o fẹ́ kí kíndìnrín mi jẹrà sí ọ lára ni?"

"Mi ò fẹ́ kú ni, sà."

"Ẹni tó ń wúkọ́ kò tíì kú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ọdún méjì ló ti fi ń gbọ́ "kíndìnrín mi": bó jẹ iyọ̀, bó rìnrìn àjò, bó gbàgbé láti mumi. Nígbà gbogbo ló máa ń kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò kúnlẹ̀.

"Mo ti dúpẹ́ títí ẹnu mi fi bó," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fún mi ni, àbí ẹ kàn fi pamọ́ sí mi lára?"

Ìyá Mardiyah, ará yàrá kejì, gbé kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ kalẹ̀.

"Tó bá bàjẹ́," Babáṣọlá dáhùn, "má bẹ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa mọ́." Ó yí padà, ó lọ.

Fẹ́yìsetán dín oògùn náà kù. Ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ lọ́sẹ̀ kejì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé kíndìnrín náà ń jìjàkadì. Lọ́sẹ̀ kẹfà, wọn kò rí kòrónà lára rẹ̀ mọ́. Kíndìnrín náà dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ ti dín díẹ̀. Dókítà dá oògùn padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀.

Fẹ́yìsetán fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ara òun ti yá, kíndìnrín náà kò sì bàjẹ́. Babáṣọlá kà á, kò fèsì. Ìyá wọn pè láti Ìkirè pé kí ó lọ tọrọ àforíjì. Ó dá ìyá wọn lóhùn pé òun gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò yà sí Èjìgbò.