Apá Kejì Oríkì Àwẹ̀ró

Láti ọjọ́ tí Ibiere ti fẹ́ Adéyanjú, kò dá a lójú rí pé ìyá ọkọ rẹ̀ ka òun, ọmọ Kalabari láti Bakana, kún èèyàn wọn. Nígbà tí wọ́n gbéra nílé wọn ní Eneka, nítòsí Port Harcourt, láti lọ ṣọdún Àjíǹde ní Ìrágbìjí ní ọdún 2019, táyà bẹ́ fún wọn lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀. Wọ́n yọ táyà àfipamọ́, òun náà ti jò. Ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu kí wọ́n tó dé ilé.

Ní òwúrọ̀, Tèmiolúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kúnlẹ̀ kí ìyá bàbá rẹ̀. Màmá Àkànkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Àwẹ̀ró, ọmọ àgbẹ̀ tí kì í fi èbù ṣòfò. Ọmọ a-fi-ìrì-òwúrọ̀-fọ-ọkọ́…"

Àìsàn ọ̀fun ti sọ ohùn arúgbó náà di híhá, síbẹ̀ orí Ibiere wú. Lójijì ni Màmá dákẹ́.

"Màmá, why you stop na?" Tèmi béèrè. Yorùbá kò já gaara lẹ́nu rẹ̀.

"Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Ẹsẹ̀ méjì lọmọ fi ń rìn. Ìyàwó, báwo ni wọ́n ṣe ń ki àwọn baba tìrẹ?"

 Àárín Port Harcourt ni wọ́n bí Ibiere sí. Kò kọ́ oríkì ilé baba rẹ̀ rí.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ó bú sí ẹkún nínú ọkọ̀. "Bàbá Tèmi, ìyá yín fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọmọ mi."

"Ìbéèrè ló bi ọ́. Wá ìdáhùn lọ. Ohùn Màmá kò ní pẹ́ lọ."

Nínú oṣù kẹjọ, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bakana. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú omi, omi fà sẹ́yìn, ọkọ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. Adéyanjú sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Ẹrẹ̀ gbé bàtà rẹ̀ kan mì. Ó ṣì ń wá a nígbà tí Dagogo, àbúrò bàbá Ibiere, fi ọkọ̀ àjẹ̀ wá gbà wọ́n.

"In-law, leave am!" Dagogo ń rẹ́rìn-ín. "River don collect im own bride price!"

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Bakana, tí Dagogo gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó dúró sétí omi, ó sì ki ilé baba wọn ní èdè Kalabari. Àwọn tó ń tukọ̀ kọjá gbé àjẹ̀ sókè, wọn kò tù ú mọ́ títí ó fi parí. Ibiere wò wọ́n, ó wo omi tó tẹ́ lọ salalu. Gbogbo èyí ti jẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i! Kó tó kúrò ní Bakana, ó ti há oríkì náà sórí.

Ní Kérésìmesì, Màmá Àkànkẹ́ wá sí Eneka. Dókítà ní kó jẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ sinmi, ṣùgbọ́n kò gbà. Ojoojúmọ́ ló ń ní kí Ibiere sọ oríkì ti Bakana fún òun ní Yorùbá.

"Tún un sọ. Má jẹ́ kí ẹyọ kan bọ́ sọnù."

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, Tèmi kúnlẹ̀. Màmá ki ilé àgbẹ̀ parí, ó wá mú oríkì kọrí sí odò Bakana:

"Àwẹ̀ró, ọmọ atukọ̀ tí kì í bi ìgbì léèrè ọ̀nà. Ilé tí omi ń kí kó tó kọjá…"

Ohùn já. Ó tún gbìyànjú, èémí lásán ló jáde.  Nígbà náà ni Ibiere gbà á lẹ́nu rẹ̀, ní èdè Kalabari, bí Dagogo ti kì í, láìfo ibì kan.

Màmá Àkànkẹ́ kò gbọ́ èdè náà rárá. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí àga, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Adéyanjú, dìde. Àwọn baba ìyàwó mi ń wọlé."

Adéyanjú dìde. Arúgbó náà di apá àga mú, òun náà dìde.