Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Láìfọhùn

Ọdún kọkànlá rèé tí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Olóhùn-iyọ̀ ti ń kọ orin ara rẹ̀, tó ń gbé e jáde fúnra rẹ̀, tó sì ń polówó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Inú yàrá ló ti ń gba ohùn sílẹ̀. Á gbé bẹ́ẹ̀dì nàró ti fèrèsé kí ariwo títì má baà wọlé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, aṣọ ló ń lọ̀ ní ilé ìfọṣọ kan, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ náà, torí bó bá ti di áyọ́ọ̀nù mú báyìí, orin ló kàn. Àwọn tó gbé aṣọ wá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbàgbé pé wọ́n ń kánjú.

Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ojú ìyá ti fọ́ láti bí ọdún méje, etí ló fi ń ríran. Ó mọ ìró bàtà gbogbo ará ilé, ó mọ ìgbà tí omi bá fẹ́ hó, bí orin ọmọ rẹ̀ bá sì fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà, òun ló ń kọ́kọ́ mọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ kejì yẹn ti gùn jù," ni yóò wí láti orí àga rẹ̀. "Àfi bíi pé o ń bá onílé rojọ́."

Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á sì gé e kúrú.

Ọjọ́ kan ni ọ̀gá kíláàbù kékeré tó wà lẹ́yìn ilé epo pè é. Ó pẹ́ tó ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ohun tó máa ń rí gbà ni kó wá kọ orin méjì kí olórin gangan tó dé. Lọ́tẹ̀ yìí, òun gan-an ni olórin.

"Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́," ni ọ̀gá wí. "Orúkọ yín nìkan ni mo máa lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kójú tì mí o."

Inú Olóhùn-iyọ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò fẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti bí oṣù méjì, ohùn rẹ̀ ti ń há. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ooru áyọ́ọ̀nù ni, ó ní ọ̀fìnkìn ni. Ó lá oyin, ó fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun, pàbó ló já sí. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá, ó jí láàárọ̀, ó gbé orin, ohùn òkè kò sì wá mọ́. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde.

Dókítà ọ̀fun, àgbà obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí gba imú rẹ̀ wọlé. Ó fi ohun tó rí hàn án lójú ẹ̀rọ: fọ́nrán funfun méjì tí ohùn ti ń jáde, kókó kan tó pọ́n, tó sì wú, wà lára ọ̀kan.

"Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú kókó yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ò gbọdọ̀ fọhùn. Kì í ṣe orin nìkan o, ọ̀rọ̀ pàápàá."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọrin ní Sátidé tó ń bọ̀ yẹn ná. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ ẹ bá ní kí n yadi fún ọdún kan, mo ti gbà."

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Bí ẹ bá kọrin, ó lè bẹ́. Bó bá bẹ́, mi ò lè ṣèlérí ohunkóhun. Ọwọ́ yín ló kù sí."

Olóhùn-iyọ̀ pinnu pé òun á panu mọ́ títí di Sátidé, bóyá kókó náà á rọlẹ̀ díẹ̀. Níbi iṣẹ́, ìwé ló fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ ló ń wá, ló ṣe di oníwà pẹ̀lẹ́ lójijì. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ kọ sínú ìwé fún ìyá tí kò ríran? Kò sì fẹ́ kí ìyá mọ̀, torí ó mọ̀ pé á ní kóun má lọ.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá bi í ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. "Ìwọ ni, àbí? Kí ló dé tó ò kí mi?"

Ó fọwọ́ kan ìyá léjìká. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ti rẹ ọmọ òun ni. Lọ́jọ́ kejì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn.

"Bó bá jẹ́ pé mo ti di ẹrù sí ẹ lọ́rùn, sọ ọ́ fún mi. Ojú mi ló fọ́, inú mi ò fọ́."

Ọmọ ò lè mú un mọ́ra. "Màámi, ẹ má bínú. Ọ̀fun ló ń dùn mí." Nígbà tẹ́nu sì ti là, kò ṣeé pa dé mọ́. Ó ro gbogbo rẹ̀ pátá, ohùn rẹ̀ ń há bí ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún.

Ìyá mi orí. "Má lọ."

"Ọdún mọ́kànlá, Màámi."

"Mo mọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ṣojú etí mi. Má lọ."

Onígìtá rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti ń bá a ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀, náà ti fura.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ní kó di ìgbà míì."

"Ìgbà míì wo? Ta ló tún máa pè mí?"

Onígìtá gbé gìtá rẹ̀. Ó fa ohùn gbogbo orin náà wálẹ̀ kí ó lè bá ohùn tó kù lára ọ̀gá rẹ̀ mu.

Nígbà tí Sátidé pé, ìyá tó ní kó má lọ ló kọ́kọ́ wọ bàtà. "Bó o bá máa ṣubú, kò ní jẹ́ lẹ́yìn mi."

Èèyàn bí ọgbọ̀n ló wà nínú kíláàbù náà. Ilẹ̀ ṣì ń run ọṣẹ tí wọ́n fi nù ún. Ìyá jókòó níwájú. Orin kìíní lọ dáadáa, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìkejì há díẹ̀, àmọ́ ó dé ilé. Ní àárín ìkẹta, nǹkan kan já lọ́fun rẹ̀ bí òwú ṣe ń já lẹ́nu abẹ́rẹ́. Kò dùn ún rárá. Ó ya ẹnu, kò sí ohun tó jáde.

Onígìtá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ náà, ó ń dúró dè é. Ó tún padà. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n tún máíkì ṣe. Níwájú, ìyá ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá ọmọ rẹ̀ nínú ariwo gìtá, kò rí i. Nígbà tó yá, ó nàró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń bọ̀. Ọmọ sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀.

Ọ̀gá kíláàbù kò bínú. Ó gbé omi tútù wá, ó bá a kẹ́dùn, ó sì tan orin orí ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, àwọn èèyàn ti ń bá ọ̀rọ̀ ara wọn lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún Olóhùn-iyọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Dókítà ní ọ̀rọ̀ sísọ á padà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kóun sọ òótọ́, òun ò rí orin níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìfọhùn wá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Onígìtá wá sọ fún un fúnra rẹ̀ pé ẹgbẹ́ olórin kan ti pe òun. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń sunkún. Olóhùn-iyọ̀ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó sì sìn ín dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ìyá ló ronú kan ọ̀nà tí wọ́n á máa gbà sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọmọ fi ìka kan àtẹ́lẹwọ́ òun: ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ń ṣe é lálaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá á máa bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá.

"Ṣé o jẹun níbi iṣẹ́?" Ẹ̀ẹ̀kan.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?" Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́yìn tó ti béèrè gbogbo èyí tó máa ń béèrè, ìyá tún na ọwọ́.

"Ṣé wàá tún kọrin?"

Ọmọ di ọwọ́ náà mú. Ìka rẹ̀ wà lórí àtẹ́lẹwọ́ náà, kò gbé e, kò sì tẹ̀ ẹ́. Ìyá kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kò sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà.