Yàrá Ìránṣọ Mi àti Ẹ̀rọ Ọkọ Mi

Ẹ má dá mi lẹ́bi kí ẹ tó gbọ́ tẹnu mi. Télọ̀ ni mí. Yàrá kan ṣoṣo tí mo fi ń ránṣọ, ọkọ mi gbà á. Ó ní òun fẹ́ fọ afẹ́fẹ́ ayé mọ́ nínú ẹ̀.

Fíríìjì ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ gidi. Àfi bó ṣe lọ kó sáàárín àwọn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jọ ń ya àwòrán ẹ̀rọ tó ń fa kábọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ burúkú tó ń mú ayé gbóná, kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí ọ̀kan bá ṣe, gbogbo wọn ló máa rí i, ẹni tó bá sì wù lè kan tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ o! Ọkùnrin tí kì í yá aládùúgbò ní òòlù!

Ló bá to ìkarahun fíríìjì mẹ́ta síra wọn, ó so fáànù mọ́ ọn, ó to abọ́ ìyẹ̀fun funfun kan tó ń gbé kábọ́ọ̀nù mì sínú ẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ará ilé ìdáná. Aṣọ ìyàwó tí mo rán lóṣù tó kọjá, àlùbọ́sà ló ń rùn nígbà tí wọ́n wá gbà á. Ojú tì mí gan-an.

Ni mo bá fàáké kọ́rí. "Olówó orí mi, ẹ mú ọ̀kan: èmi tàbí fíríìjì."

Ó ní, "Fara balẹ̀. Ní Sátidé, gbogbo ẹgbẹ́ wa á máa wò mí lórí fóònù. Tí nọ́ńbà ara mítà tó ń ka kábọ́ọ̀nù yìí ò bá já wálẹ̀ láàárín wákàtí kan, màá tú u palẹ̀, wàá gba yàrá ẹ."

"Kí ló tiẹ̀ ń mú nọ́ńbà yẹn gòkè?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kò fura rárá. "Mímí lásán. Kábọ́ọ̀nù là ń mí síta. Béèyàn bá ṣe pọ̀ nínú yàrá ló ṣe máa ń ga sí."

Háà! Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nígbà tí Sátidé máa fi mọ́, mo ti ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò mi mẹ́ta, àti Àǹtí, àbúrò ìyá mi, tí ẹnu wọn kì í sinmi. Mo ní kí wọ́n wá yẹ́ ọkọ mi sí. Nígbà tí gbogbo wa wọ yàrá náà tán, mo ti ilẹ̀kùn pa, mo ní kí Àǹtí sọ bí wọ́n ṣe yọ eyín wọn fún wa.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ láti orí eyín àkọ́kọ́. Àwọn àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nọ́ńbà kúrò ní ẹgbẹ̀ta, ó di ẹgbẹ̀rún, ó di ẹgbẹ̀rún méjì. Òógùn bo ọkọ mi. Ó yí fáànù dé òpin. Ó wò mí lójú. Inú mi tó ń dùn bọ̀ wá bàjẹ́. Ọdún kan gbáko ni ọkùnrin yìí fi ń jí ní ìdájí nítorí ẹ̀rọ yìí! Ó ṣe mí bíi kí n lé gbogbo wọn jáde, ṣùgbọ́n ta ló máa dá Àǹtí dúró? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí eyín kẹta ni.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wákàtí náà pé, nọ́ńbà dúró. Mo rò pé mítà ló kú. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀: ẹgbẹ̀rún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rin. Èèyàn mẹ́fà ń mí, Àǹtí ò sì tíì dákẹ́, nọ́ńbà ń já wálẹ̀!

Ariwo sọ láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní yàrá òfìfo làwọn ti ń dán tiwọn wò. Níbi tí kò sí ìdọ̀tí, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ìgbálẹ̀ ń gbálẹ̀? Ta ló ronú kàn án pé kí wọ́n kó èèyàn wọlé?

Ọkọ mi nawọ́ sí mi. "Ìyàwó mi ni."

Inú mi dùn, inú sì tún ń bí mi. Nígbà tí àlejò lọ tán, mo jẹ́wọ́. "Mo kó wọn wá láti bà á jẹ́ ni o."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n a kì í fi nǹkan kan pa mọ́ nínú ẹgbẹ́ wa. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Ó kọ ọ́ lóòótọ́: ìyàwó kó èèyàn wọlé kí iṣẹ́ lè bàjẹ́, ìyẹn la fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé ló ń kà á. Lánàá, obìnrin kan láti òkèèrè kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ọkọ òun náà ti gba yàrá òun, kí ni kóun ṣe?

Mo dá a lóhùn láti ilé ìdáná: "Arábìnrin mi, tí o bá fẹ́ gba yàrá ẹ padà, má pe àbúrò kankan sí i."