Ta Ló Ń Jí Wàrà Màálù Wa?

Wàrà màálù wa ń dín. Èmi Nazaria ni mo máa ń fún un láràárọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè tàn mí lórí rẹ̀. Kí n tó rí olè náà ni mo ti mọ̀ ọ́n: Fulgencio, àbúrò mi.

Ta ni ì bá tún jẹ́? Òun ló lọ mú àgbò olórí dúdú wá láti ìlú Tizimín, tó ní Canelo, àgbò pupa Bàbá wa, ti darúgbó, pé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í tètè dàgbà. Inú bí Bàbá.

"Ó dáa. Kí tìrẹ gun ìdajì àwọn abo, kí Canelo gun ìdajì. Tó bá di ọjọ́ tí a ó já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú, a ó wọ̀n wọ́n. Koríko wa ò tó àgbò méjì. Èyí tí ọmọ rẹ̀ bá fúyẹ́, inú kòtò iná la ó sun ún sí lọ́jọ́ ọdún ẹni mímọ́ San Isidro."

Látìgbà tí Ìyá ti kú, Canelo ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀ ju àwa ọmọ lọ.

Àwọn ọmọ àgbò méjèèjì dáyé, àwọn olórí dúdú sì ń sanra bí àpò àgbàdo. Ọmú ìyá nìkan ló ń ṣe ìyẹn? Irọ́!

"Fulgencio, kí ló ń ṣe wàrà màálù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi màálù."

"Máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun."

"Ẹ̀yin àti ìfura yín! Ẹ ó fura títí, ẹ ó fura sí òjìji ara yín."

Lọ́jọ́ kan mo rí ọmú onírọ́bà, irú èyí tí a ń fi sẹ́nu ìgò, lẹ́yìn ọpọ́n omi àwọn àgùntàn. Mo sáré gbé e lọ fi han Bàbá, mo ní Fulgencio ń ṣe wàyó. Bàbá wolẹ̀.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi."

Mo ní ẹ wo ọkùnrin onísùúrù!

Ọjọ́ ìwọ̀n pé, ọdún San Isidro ku ọ̀la. Audomaro aládùúgbò wa gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá, èrò péjọ. Àwọn olórí dúdú borí, ìwọ̀n wọn ò tilẹ̀ sún mọ́ra. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Wàyó ni! Wàrà màálù ló fi bọ́ wọn! Audomaro, ẹ ṣílẹ̀kùn ọgbà. Ọmọ àgùntàn tó ń mu ìgò, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fún un ní ìgò ló máa sá lọ. Ẹ máa wo Fulgencio!"

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwọn olórí dúdú sáré, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n gbà lọ. Àwọn ọmọ Canelo, àwọn pupa kéékèèké, tú jáde, wọ́n kọjá lára Fulgencio, wọ́n bo Bàbá. Wọ́n ń fi orí kan ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀kan ti gbé ìka Bàbá sẹ́nu, ó ń mu ún.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbójú sókè.

"Bàbá," ni Fulgencio wí jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ kí Canelo máa wà. Màá wá koríko."

"Rárá o. Mo ṣe wàyó, wàyó náà ò sì gbà mí."

Ó mú okùn, ó fi sí Canelo lọ́rùn fúnra rẹ̀. Canelo tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́, ó rò pé omi ni àwọn ń lọ mu.