Ọkùnrin Kẹtàlá

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ rọ́gíbì sílẹ̀ nílùú náà, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìjàkadì. Ọkùnrin mẹ́tàlá ló ń gbá eré náà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin mọ́ àyà, wọ́n á máa sáré lọ sí ìlà ọ̀tá, àwọn yẹn á sì máa gbé wọn ṣánlẹ̀. Iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni, wọn ò ní òmíràn.

Ọ̀gbẹ́ni Àkàndé, tíṣà eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì, ni kóòṣì wọn. Ojú rẹ̀ rí nǹkan ní sáà yìí. Ìdíje mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n pàdánù. Wọ́n fìdí rẹmi ní Kánò, wọ́n fìdí rẹmi l'Ékòó, wọ́n tún fìdí rẹmi nílé lójú ìyàwó wọn. Ẹni tó fẹsẹ̀ dá ti jókòó sílé, ẹni tó rí ẹgbẹ́ mìíràn ti bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ò rí èèyàn mẹ́tàlá kó wọ pápá. Òfin sì ni pé ẹgbẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú líìgì pátápátá.

Ó wá ku ìdíje kan ṣoṣo, pẹ̀lú àwọn ará Ìbàdàn, ní Ọ̀fà, lọ́jọ́ Sátidé. Ní Ọjọ́bọ̀, Àkàndé ka àwọn tó kù. Méjìlá ni wọ́n. Ẹnì kẹtàlá ni Mùíz.

Mùíz, ọmọ Alhaja Fatimah tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ló yára jù nínú wọn. Nínú ìdíje tó kọjá, orúnkún ẹnì kan gbá a ní ẹ̀bátí, ó sì dákú fún bí ìṣẹ́jú méjì. Nàfísàt, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ náà, sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò gbọdọ̀ wọ pápá. Tí nǹkan bá tún kọ lu orí yẹn, Kóòṣì, ó lè má jí mọ́."

Àkàndé wá ẹlòmíràn kiri bí ẹni tí ọmọ sọ nù mọ́ lọ́wọ́. Ó lọ sí Òjòkú lọ bá àgbẹ̀ kan tó ti bá wọn gbá a rí, àmọ́ ibà ti dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀. Ó fi fóònù pe méjì nínú àwọn tó ti bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ sí Èkó. Ọ̀kan ò gbé e. Èkejì ní kó má bínú.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ó lọ sílé Mùíz. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa kọ́tìnì, Mùíz sì jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Kí ló dé tí o wà nínú òkùnkùn?"

"Ìmọ́lẹ̀ ló ń gún mi lójú, sà."

"Ṣé o lè sáré lọ́la?"

Mùíz ò wojú rẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá ní kí n sáré, sà, màá sáré."

Àkàndé mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ó mọ̀ ọ́n dájúdájú. Àmọ́ ó ro àwọn méjìlá tó kù, tí ọ̀nà oúnjẹ wọn fẹ́ dí, ó ro ọdún mẹ́fà tó ti fi ń kọ́ ẹgbẹ́ náà.

"Etí pápá ni kó o dúró sí," ló wí. "A ò ní ju bọ́ọ̀lù sí ẹ. Ṣáà dúró, kí wọ́n lè kà ẹ́ mọ́ wa."

Lọ́jọ́ Sátidé, Nàfísàt wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlémọ̀nà, ó ní òun á dé tí òun bá ṣíwọ́. Rẹfirí béèrè ìwé tí nọ́ọ̀sì fi jẹ́rìí pé ara Mùíz ti dá. Àkàndé wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Nàfísàt sísàlẹ̀ ìwé náà.

Ẹ wo bí ọ̀ràn ṣe ń rí: ọjọ́ náà gan-an ni Ìjàkadì kọ́kọ́ mókè ní gbogbo sáà. Àmì méjìlá sí mẹ́wàá ni wọ́n fi lọ sinmi. Àwọn èèyàn ń pariwo, Lukman tó jẹ́ kápútéènì ń sunkún ayọ̀. Mùíz sún mọ́ Àkàndé.

"Kóòṣì, àwọn wo là ń bá gbá?"

Lukman bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Àkàndé mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó lè yọ ọ́ báyìí kí àwọn méjìlá parí ẹ̀. Òfin ò ní bá wọn wí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn á gba àlàfo yẹn kọjá. Ó sì ti pẹ́ tí ebi ìṣẹ́gun ti ń pa á.

"Mu omi," ló sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n padà wọ pápá, wọn ò ju bọ́ọ̀lù sí Mùíz lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù ló ta lọ́wọ́ ẹnì kan, ló bà sí i láyà. Ó gbá a mọ́ra, ó kẹ̀yìn sí àwọn ará Ìbàdàn, ó sì sá lọ sí ìlà àwọn tirẹ̀.

"Mùíz! Ẹ̀yìn lò ń lọ!" Lukman ń ké.

Àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín. Mùíz fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ká. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án tó fi ṣubú.

Nàfísàt ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò.

"Ta ló ní kó gbá a?"



"Èmi ni," Àkàndé wí. "Orúkọ yín ni mo kọ síwèé, Nọ́ọ̀sì."

Nàfísàt kò wò ó. "Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá."

Ní Ìlọrin, àwọn dókítà ṣí agbárí Mùíz, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ jáde. Ọjọ́ kẹrin ló lajú. Ó yè, àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àkàndé kọ gbogbo ohun tó ṣe sí àwọn aláṣẹ líìgì. Wọ́n yọ orúkọ Ìjàkadì kúrò, wọ́n sì ní òun náà ò gbọdọ̀ kọ́ ẹgbẹ́ kankan mọ́ láéláé. Lukman àti àwọn yòókù wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọn ò bú u.

"Ká ní ẹ sọ fún wa ni, sà," Lukman wí, "à bá ti lọ sílé wa."

Ọjọ́ kejì ni Àkàndé lọ sí Ìlọrin. Alhaja Fatimah jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Àkàndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo aláìsàn.

"Ẹ dìde," Alhaja wí. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹ mọ̀ pé ara ẹ̀ ò yá, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Mo mọ̀, Alhaja."

Mùíz ń yọ̀ wálẹ̀ lórí ìrọ̀rí díẹ̀díẹ̀, kò sì lè fa ara rẹ̀ padà sókè. Alhaja dìde, ó ki ọwọ́ bọ abíyá ọmọ rẹ̀, àmọ́ agbára rẹ̀ ò gbé e.

"Ẹ di apá ọ̀tún mú," ló wí fún Àkàndé, láìwo ojú rẹ̀. "Ẹ rọra."