Ọjọ́ Tí Wọ́n Tú Igi

Ìyá Kíláàsì ni àwọn ọmọ ọdún ìpìlẹ̀ ń pè é, nítorí ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni láàárín àwọn tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Kò bínú sí i. Ọdún kan péré ni yunifásítì ń fún àwọn tí ìṣirò àti físíìsì wọn kò tó, kí wọ́n fi gbára dì fún ẹ̀kọ́ ẹnjiníà. Ẹni tí kò bá gba ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Méjìdínlógójì lòun gbà nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Ó wá ku iṣẹ́ kan tó gbé ìdajì máàkì ọdún náà lọ́wọ́: kí kálukú mú ilé kan tó wó, kó ṣírò ohun tó wó o.

Àwọn yòókù sáré lọ wá ilé tiwọn nínú ìwé. Ilé tirẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, dẹ́kìn kan, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré tó wà láàárín ìsàlẹ̀ ilé àti òkè rẹ̀, já lulẹ̀ lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Bàbá wọn ni bíríkìlà tó ń kọ́ ilé náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bàbá yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọmọ rẹ̀ jáde lábẹ́ kọnkéré.

Nílé ẹjọ́, ó búra pé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko ni àwọn igi tó gbé dẹ́kìn náà dúró fi wà lábẹ́ rẹ̀ kí àwọn tó tú wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin iṣẹ́ ṣe wí. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ náà búra bẹ́ẹ̀. Bí igi kò bá jẹ̀bi, a jẹ́ pé àwòrán ilé ló jẹ̀bi nìyẹn. Wọ́n rán ẹnjiníà tó ya àwòrán náà lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, nígbà tó sì jáde, kò sẹ́ni tó tún fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni ìyá wọn ti fi èpè ọkùnrin yẹn ṣe àdúrà òwúrọ̀. Bàbá kì í bá a ṣépè. Orí ló máa ń mì.

Òun náà ló ní kí ọmọbìnrin yìí padà sí ilé ìwé.

“Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀,” ó ní. “Ìwọ lo máa bá wa rí ohun tó pa á.”

Ọmọbìnrin náà wá tú àwòrán ilé náà jáde láti inú àpótí tí wọ́n kó ìwé ẹjọ́ sí. Ó ka irin inú rẹ̀, ó wo bí kọnkéré ṣe nípọn tó, ó ṣírò ẹrù tó lè gbé. Àwòrán náà pé. Kì í ṣe pé ó pé nìkan, ẹnjiníà náà ti fi irin kún un ju ohun tó yẹ lọ. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ó mọ ara rẹ̀ nídìí ìṣirò, lẹ́yìn náà ló gbé e lọ bá olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni.

“Ìṣirò ẹ pé,” olùkọ́ ní. “Ó pẹ́ kó tó pé.”

“Ṣé àwòrán yìí ò lè pa èèyàn ni, mà?”

“Kò lè pa èèyàn. Lọ wádìí bí wọ́n ṣe po kọnkéré ẹ̀, kó o sì wádìí ọjọ́ tí wọ́n tú igi. Ohun tó o bá rí ni kó o kọ.”

Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwọn kọnkéré kéékèèké ní yàrá ìdánwò. Èyí tó ti lo ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n bá ẹ̀rọ wọ̀yá ìjà. Èyí tó lo ọjọ́ méje kò pẹ́ rárá tó fi fọ́ yángá, tí àwọn ọmọ kíláàsì sì ń rẹ́rìn-ín.

Bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni bàbá rẹ̀, gbogbo nǹkan ló máa ń kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí bàbá wà ní balùwẹ̀, ó ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì rí ìwé iṣẹ́ ọdún náà lábẹ́ okùn tí wọ́n fi ń wọn ògiri. Sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Wọ́n pò ó dáadáa. Ó ṣí ojú ewé kejì. “Ọjọ́ kẹrin: a da dẹ́kìn. Ọjọ́ kọkànlá: a tú igi, a kó o lọ sí ilé kejì.” Kò sí ohunkóhun tí wọ́n kọ sí ọjọ́ kejìlá. Ọjọ́ kejìlá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú.

Ilẹ̀ ibẹ̀ náà ló jókòó sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwọn kò tilẹ̀ tíì pé ogún. Ẹni tí wọ́n ní kó wá kín wọn lẹ́yìn ti fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá gbé oúnjẹ bàbá kalẹ̀, ó padà lọ bu omi wá. Bàbá rí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

“Igi ò tó,” ó ní jẹ́jẹ́. “Àwọn onílé kejì ń pariwo. Mo ní kọnkéré mi ti le, pé ojú mi mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ lọ tú u. Ó ní, ‘Bàbá, kò tíì tó ọjọ́.’ Mo bi í bóyá òun ló kọ́ mi níṣẹ́.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ní kí n lọ kàwé?”

“Mo rò pé ìwé mọ nǹkan tí èmi ò mọ̀. Mo ní bóyá wàá rí ẹ̀bi díẹ̀ lára àwòrán yẹn. Kó kàn jẹ́ díẹ̀.” Ó na ọwọ́ sí àlàfo tó wà nínú iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, níbi tó yẹ kí iye ọjọ́ wà. “Kọ méjìdínlọ́gbọ̀n síbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é. Ó korò lọ́kàn rẹ̀ pé àánú rẹ̀ ṣe òun.

“Tí mo bá kọ méjìdínlọ́gbọ̀n, Bàbá, dẹ́kìn yẹn ò ní wó. Ẹ̀gbọ́n mi á ṣì wà láàyè.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí ìyá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀.

“Bàbá wọn,” ó ní, “ọjọ́ mélòó ni?”

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Méje.”

Ìyá wọlé, ó gbé omi kalẹ̀, ó dúró sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà.

“Kọ ọ́ kí ojú mi rí i.”

Ọmọ náà kọ méje sínú àlàfo. Ìyá wò ó títí.

“Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?”

“Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, Màámi.”

Ìyá gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú bàbá, ó sì gbé e padà sí ilé ìdáná.