Ilà Mẹ́ta Lábẹ́ Páìpù

Omi ń kán sí i níwájú orí, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, ṣùgbọ́n Ọmọ Púlọ́ńbà kò nù ún. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ síǹkì ilé ìdáná ìyá onílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síta bí ẹsẹ̀ ẹni tí ọkọ̀ gbá, ó sì ti mọ ohun tó ń ṣe páìpù náà kó tó tan tọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà inú oríkèé kan ló ti gbó. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Iye tí yóò pè ni kò mọ̀.

Láti àárọ̀ ló ti ń kọ́ ẹnu rẹ̀. Bó ṣe ń gun òkè bọ̀, tí àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ léjìká, ó ń wí i fún ògiri ilé olówó, ó ń wí i fún ajá tó ń gbó nínú géètì: ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà. Nísàlẹ̀ tí wọ́n ń gbé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni irú iṣẹ́ yìí, ẹni tó máa san án á sì kọ́kọ́ bú ọ ná. Ṣùgbọ́n òkè nibí. Gbogbo ìsàlẹ̀ ló mọ̀ pé púlọ́ńbà òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ púlọ́ńbà ìsàlẹ̀. Púlọ́ńbà òkè ń kọ́lé, púlọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń tún ilé onílé ṣe.

Ó yọ jáde, ó dìde. Ìyá onílé dúró tì í, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, awò ojú rẹ̀ fi okùn kọ́ ọrùn.

"Èló ni?"

Ọmọ Púlọ́ńbà la ẹnu. Ó rí ilẹ̀ tó ń dán bíi dígí, ó rí àmì tí bàtà ara rẹ̀ ti tẹ̀ sí i. "Ẹgbẹ̀rún... ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mà."

Dípò kí inú ìyá náà dùn, ńṣe ló fajú ro.

"Márùn-ún? Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn gba ogún, ìyẹn sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Kí nìwọ fẹ́ fi dí i, amọ̀?"

"Rárá o, mà. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bàbá mi—"

"Mi ò béèrè bàbá ẹ. Mi ò fẹ́ kí ilé mi di odò. Jọ̀ọ́, palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́."

Kó tó ti sipánà bọ àpótí, ìyá náà ti gbé fóònù sétí, ó ń pe ẹlòmíràn. Ọmọ Púlọ́ńbà ti rò pé owó ńlá ló ń lé oníbàárà sá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé lókè níbí, owó kékeré ló ń lé wọn.

Ó rọra ń rìn lọ sẹ́nu géètì, nítorí kò yá a lára láti délé. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ láàárọ̀, kò sì gbé ohùn sókè: "Mú owó òkè wálé lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n fojú mi rí i pé owó òkè ń dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá rí i, máa ṣe iṣẹ́ bàbá ẹ lọ títí. Bí mi ò bá rí i, oní-irin-àlòkù ń bọ̀ lọ́la wá gbé àpótí yẹn, ìwọ náà á sì lọ bá àǹtí ẹ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ."

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan kọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni bàbá fi gun òkè yìí lọ síbi iṣẹ́, ó ní àjọṣe ni òun àti ọ̀gá kan ń ṣe níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyá ń fi í yangàn láàárín àwọn obìnrin àdúgbò: "Ọkọ tèmi, púlọ́ńbà òkè ni o." Ṣùgbọ́n owó ìsàlẹ̀ ni púlọ́ńbà òkè ń gbé wálé. Á kó o sórí tábìlì, á ní, "Ohun tó wà nìyẹn," á sì kọjá sídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé lọ fọwọ́. Á fọ̀ ọ́ títí, á kẹ̀yìn sílé, ìyá á máa bi í pé ìyókù ńkọ́, omi á máa dà.

Ìyá kì í ṣe òmùgọ̀. Bí owó òkè kò bá dé ìsàlẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan wà lókè tó ń gbà á. Ó pe ẹni náà ní Ìyàwó-òkè. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: ó fún un ní àwọ̀ pupa, ó fún un ní eèjí, ó fún un lọ́mọ ọkùnrin méjì. Bí bàbá bá ya ṣòkòtò, á ní, "Gbé e lọ fún Ìyàwó-òkè kó bá ẹ rán an." Bàbá kò jiyàn rí, kò sì gbà rí. Ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ọdún méjì rèé, ìyá kò sunkún. Ojú ọ̀nà ló ń wò, bóyá obìnrin náà á yọ. Kò sẹ́ni tó yọ.

Ọkọ̀ funfun kan dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí i lára, wọ́n sì ya ẹ̀rọ omi kan tó ń rẹ́rìn-ín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ ti dàgbà, aṣọ rẹ̀ gún régé. Kò sí púlọ́ńbà tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Ọwọ́-ò-dọ̀tí ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó rí ìdọ̀tí lábẹ́ èékánná rẹ̀ rí. Òun ni ọ̀gá tí bàbá ní àwọn jọ ń ṣe àjọṣe.

"Mo mọ àpótí yìí," ó wí. "Ìwọ lọmọ ẹ̀?"

Ọmọ Púlọ́ńbà kúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ìwọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde níbẹ̀ yẹn? Èló lo pè?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

"Yéè! Ìwọ fúnra ẹ lo lé ara ẹ." Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mì. Ó na ọwọ́ sínú ọkọ̀, ó ju ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan sí i, èyí tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sí láyà. "Wọ̀ ọ́, ká lọ. Ìwọ lo máa ṣe é. Màá fún ẹ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹ. Ṣebí iye tó o fẹ́ nìyẹn?"

Ó wọ̀ ọ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ṣì ń rò pé tí òun bá ti wọlé, bóyá ọ̀nà á là.

Ìyá onílé ṣí ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó sì dúró síbẹ̀; kò gòkè dé ojú ẹni tó wọ̀ ọ́.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ tètè dé, ọ̀gá. Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí, ó fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ba ilé mi jẹ́."

"Ẹ má dá wọn lóhùn, mà. Wọ́n pọ̀ nígboro."

Ọmọ Púlọ́ńbà tẹrí ba, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó padà sábẹ́ síǹkì. Omi kán sí i níwájú orí bíi ti àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí wọ́n fa àga fún ọ̀gá, tí wọ́n gbé omi tútù fún un nínú ife dígí, tí ó dá owó lé iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ wò: ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì. "Kò burú," ni ìyá onílé wí. Òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ níbòòji. Abẹ́ síǹkì kò ní oòrùn, ṣùgbọ́n òwe náà wá a débẹ̀.

Ó ti omi pa, ó fi sipánà mú nọ́ọ̀tì àtijọ́ tó so páìpù pọ̀, èyí tó ti dípẹtà. Ó yí i. Àtàǹpàkò rẹ̀ sì kan nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ojú kò lè dé. Ó fọwọ́ pa á. Ó dáwọ́ dúró. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ilà mẹ́ta ni. Méjì gùn, ọ̀kan kúrú. Ẹnu ayùn ni wọ́n fi fà á.

Irú rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí bàbá mú ìka rẹ̀ lọ síbẹ̀. "Gígùn yìí, èmi. Gígùn yìí, ìyá ẹ. Kékeré yìí, ìwọ. Ibi tí mo bá ti fọwọ́ ara mi ṣiṣẹ́, gbogbo wa la wà níbẹ̀. Má sọ fún ìyá ẹ o, á ní mo ń ba páìpù olówó jẹ́."

"Ọ̀gá," ó pè láti abẹ́ síǹkì, ohùn rẹ̀ sì jọ ohùn ẹlòmíràn létí ara rẹ̀. "Ta ló ṣe èyí tó wà níbí tẹ́lẹ̀?"

Ìyá onílé ló dáhùn. "Ọ̀gá yín fúnra wọn ni. Ọdún kọkànlá rèé, kò jò rí àfi lónìí."

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," ni ọ̀gá wí, ó sì gbé omi tútù mu.

Ọmọ Púlọ́ńbà ti nọ́ọ̀tì náà bọ àpò. Ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó fi nọ́ọ̀tì tuntun dè é, ó wò ó bóyá ó ń jò. Kò jò. Ó mú ayùn kékeré inú àpótí, ó gbé e sábẹ́ nọ́ọ̀tì tuntun. Ó wò ó títí. Ó dá ayùn padà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, níbi tí ẹ̀rọ omi ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá mi ló ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn."

Ọ̀gá kò jiyàn. "Ìdajì òkè yìí, bàbá ẹ ló ṣe é. Ọwọ́ ẹ̀ dáa. Ẹnu ni kò ní."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ jọ ń ṣe àjọṣe?"

"Àjọṣe báwo?" Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. "Lébìrà mi ni. Owó ojúmọ́ ni mo ń san fún un, iye tí wọ́n ń san nísàlẹ̀. Ṣebí ìsàlẹ̀ ló ń gbé? Àmọ́ ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ní ìyàwó òun ń fi òun yangàn." Ó na ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí i. "Gbọ́, ọmọ mi. Owó iṣẹ́, ibi tí ilé wà la fi ń wò ó. Owó òṣìṣẹ́, ibi tó ń sùn. Àárín méjèèjì lèmi ń gbé." Kò sọ ọ́ bí ìkà, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. "Tọ́jú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, àpótí ń lu egungun ìhà rẹ̀. Ó gbìyànjú láti bínú sí ọ̀gá, ṣùgbọ́n bàbá ni ìbínú náà ń lọ bá. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ó yá a lára kí ìyàwó rẹ̀ pè é ní oníṣekúṣe ju kó pè é ní lébìrà lọ. Irú ìgbéraga wo nìyẹn? Àbí ìfẹ́ ni?

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń lẹ aṣọ ìrọ̀rí.

"Màámi, mo ti dé."

"O kú iṣẹ́. Òkè ńkọ́?"

Ó kó owó sórí tábìlì. "Ohun tó wà nìyẹn." Kó tó mọ̀, ó ti dé ìdí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé, ó ti ṣí i. Ó fọ ọwọ́. Ó tún un fọ̀. Ó gbọ́ tí àga dún nílé, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Márùn-ún. Márùn-ún láti òkè." Ohùn náà dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyókù ńkọ́?"

Omi ń dà. Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó fúyẹ́: mo ná an lọ́nà, màámi. Ìyá á bínú, á ní ẹyẹ kì í bí ọ̀bọ, ṣùgbọ́n owó òkè á ti wà, àpótí á sì kù sílé. Lọ́jọ́ Ajé, òun á wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ omi. Ọwọ́ náà ti mọ́ tipẹ́. Ó wá yé e pé ọwọ́ bàbá náà ti máa ń mọ́ tipẹ́.

Ó pa omi.

"Màámi, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín." Ó mú ìka ìyá rẹ̀, ó fi í sábẹ́ ẹ̀rọ náà. "Kí lẹ fọwọ́ bà?"

"Ó dà bí ilà. Ilà mẹ́ta. Ṣé ó ti fẹ́ là ni?"

Ó yọ nọ́ọ̀tì inú àpò, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi iyọ̀ sí i. Ó sọ ẹni tí ilà kọ̀ọ̀kan dúró fún, ó sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì, ó sọ ti ife omi tútù, ó sọ ti márùndínlógójì tó di márùn-ún, ó sọ ẹ̀bẹ̀ tí bàbá bẹ ọ̀gá.

Ìyá kò sunkún. Ó ń yí nọ́ọ̀tì náà po, ó ń yí i po.

"Mo mọ̀ bí obìnrin yẹn ṣe ń rìn," ó wí níkẹyìn. "Mo mọ àwọn ọmọ ẹ̀. Àbíkẹ́yìn ẹ̀ gan-an, mo ti fún un lórúkọ." Ẹ̀rín kan jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gbẹ bí ìpẹ́pẹ́ igi. "Ta wá ni mo ń bú láti ọjọ́ yìí?"

Ìyá gbé nọ́ọ̀tì náà súnmọ́ ojú.

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Ó fi hàn án. Ìyá fi èékánná tọ ilà kejì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́ padà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo àpótí irinṣẹ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Oní-irin-àlòkù ṣì ń bọ̀ lọ́la o. Mi ò bí ẹ kí ìwọ náà máa fọ ọwọ́ tó ti mọ́."

"Mo mọ̀, màámi."

Òtítọ́ ti tú bàbá sílẹ̀, kò sì rí àpótí gbà là. Ọmọ Púlọ́ńbà na ọwọ́ kó gba nọ́ọ̀tì náà, kó lè dà á mọ́ àwọn irin tó kù. Ṣùgbọ́n ìyá ti di ẹ̀ṣẹ́ lé e lórí.

"Èyí ò sí lára ohun tí oní-irin máa rà."

Ó yíjú sílé, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wà láyà. Ọmọ Púlọ́ńbà dúró nídìí omi, ó ń wá a lọ́kàn bóyá òun ti rí i rí tí ìyá òun di nǹkan bàbá òun mú báyìí. Kò rántí ọjọ́ kankan.